Èèwọ̀, Òfin àti Olùṣọ́: Bí A Ṣe Dá Igbó Ọ̀ṣun ní Òṣogbo Sí

Ìfáárà

Ẹni tí ó bá gba Ìkàrẹ́ lọ sí Ṣúpárè àti Ọ̀kà yóò rí i pé ilẹ̀ Àkókó jẹ́ ibi tí igbó àti ọ̀dàn ti pàdé láàrin àwọn àpáta. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, iná a máa jó irú ọ̀dàn bẹ́ẹ̀. Ta ni yóò máa ṣọ́ ọ, kí ewé àti igi tí ó jẹ́ ti ibẹ̀ láti ìpilẹ̀ṣẹ̀ má baà run? Igbó Ọ̀ṣun ní Òṣogbo ni a ó fi dáhùn ìbéèrè yìí, nítorí pé ìtàn rẹ̀ hàn kedere. Èrò wa ni pé èèwọ̀ nìkan kò lè dá igbó sí, bẹ́ẹ̀ ni òfin nìkan kò lè dá a sí. Àwọn ènìyàn tí ó yọ̀ǹda ara wọn ni ó so èkínní mọ́ èkejì.

1. Ibi tí agbára èèwọ̀ mọ

Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ ṣọdẹ nínú Igbó Ọ̀ṣun, kò gbọdọ̀ pẹja nínú odò ibẹ̀, kò sì gbọdọ̀ gé igi. Irú igbó bẹ́ẹ̀ wà lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ìlú Yorùbá rí, ṣùgbọ́n púpọ̀ nínú wọn ti parẹ́. Ìdí rẹ̀ ni pé èèwọ̀ a máa ṣiṣẹ́ níwọ̀n ìgbà tí àwọn ará àyíká bá ń bẹ̀rù rẹ̀. Nígbà tí ó fi di àwọn ọdún 1950, ojúbọ ti ń di ahoro, wọ́n ń jí ère gbé, ìjọba sì ti gé apá kan igbó náà láti gbin igi tíìkì. Oko tíìkì lè jọ igbó lójú ẹni tí ń kọjá, ṣùgbọ́n kò rí bẹ́ẹ̀ lójú oníṣègùn: igi kan ṣoṣo ni, láti Éṣíà ni a sì ti mú un wá.

2. Àwọn tí ó yọ̀ǹda ara wọn

Susanne Wenger, ọmọ ilẹ̀ Austria tí a mọ̀ sí Àdùnní Olórìṣà, dé Nàìjíríà ní 1950. Òun àti àwọn oníṣẹ́ ọwọ́, bí Adébísí Àkànjí, Bùráímọ̀ Gbàdàmọ́sí àti Kàsálí Àkàngbé, pẹ̀lú àwọn olórìṣà, tún ojúbọ ṣe, wọ́n mọ ère, wọ́n sì dojú kọ àwọn ọdẹ àti àwọn tí ó fẹ́ ta ilẹ̀ igbó. Kì í ṣe ìjọba ni ó rán wọn níṣẹ́. Ní 1965 ni ìjọba tó sọ apá kan igbó náà di ohun ìṣẹ̀ǹbáyé orílẹ̀-èdè; ní 1992, ó fẹ̀ ẹ́ dé gbogbo hẹ́kítà 75; ní 2005, UNESCO kà á mọ́ ogún àgbáyé. Ẹ̀yìn àwọn olùṣọ́ ni òfin ń rìn. Irú ewéko tí ó wà níbẹ̀ lé ní 400, èyí tí ó lé ní 200 nínú wọn sì jẹ́ egbòogi.

3. Ibi tí agbára olùṣọ́ mọ

Ogiri yí igbó náà ká, ṣùgbọ́n ogiri kì í dá odò dúró. Àwọn tí ń wa góòlù ní apá òkè odò ti sọ omi rẹ̀ di ẹrẹ̀, títí tí ìjọba ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun fi kìlọ̀ ní 2022 pé kí a má ṣe mu ún. Olùṣọ́ ojúbọ kò lè dá èyí dúró. Iṣẹ́ òfin ni.

Ìkádìí

Ẹ̀kọ́ tí èyí kọ́ ilẹ̀ Àkókó ni pé kí a má ṣe dúró de òfin kí a tó bẹ̀rẹ̀. Àwọn ọ̀dọ́ ìlú lè ro ààlà ọ̀dàn mọ́ kí iná má baà ràn wọ̀ ọ́. Iṣẹ́ tiwa náà wà níbẹ̀: ewé tí kò bá sí ẹni tí ó mọ orúkọ rẹ̀ mọ́, kò ní sí ẹni tí yóò ṣọ́ ọ. Nítorí náà, kí a lọ gba orúkọ àwọn ewé wọ̀nyí sílẹ̀ ní àwọn èdè àti ẹ̀ka-èdè Àkókó, lẹ́nu àwọn àgbà tí ó ṣì mọ̀ wọ́n.