Etí Tí Ń Dún Nígbà tí A Bá Gbé Itọ́ Mì

Ohun kan wà tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń rí lára ara wọn tí wọn kì í sì í sọ fún ẹnikẹ́ni. Bí wọ́n bá gbé itọ́ tàbí òkèlè mì, etí wọn a dún pá. Nígbà mìíràn ẹ̀wẹ̀, etí a di, a sì wúwo, ọ̀rọ̀ a sì máa dún bí ẹni pé inú àmù ni a ti ń sọ ọ́ wá. Ní Ṣómólú, níbi tí iṣẹ́ ìwé títẹ̀ pọ̀ sí, àwọn òṣìṣẹ́ a máa dá ẹ̀rọ lẹ́bi. Ní etí ọ̀sà Bàrígà, àwọn tí ń mòòkùn láti bu yanrìn a máa wí pé omi ni ó wọ̀ wọ́n létí. Àwọn ìyá ọmọ ní tiwọn a mú ìyẹ́ adìẹ, wọn a sì máa wá ìdọ̀tí kiri. Ṣùgbọ́n ibi tí ọ̀ràn náà ti ń wá gan-an ni a kì í sábà wò, òun ni a sì fẹ́ fi hàn lónìí.

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ohun tí ó bá ojú ti bá imú. Ẹ jẹ́ kí a fi kún un pé ohun tí ó bá imú ti bá etí. Lẹ́yìn awọ tín-ín-rín tí ó bo inú etí bí awọ ìlù, yàrá kékeré kan wà tí afẹ́fẹ́ kún inú rẹ̀. Láti inú yàrá náà ni ọ̀nà tóóró kan ti sọ̀ kalẹ̀ wá sí ẹ̀yìn imú, ní òkè ọ̀fun. Nínú àgbàlagbà, kò gùn ju nǹkan bí ìnṣì kan àti ààbọ̀ lọ. Orúkọ Bartolomeo Eustachi ni àwọn oníṣègùn fi ń pè é, ọmọ ilẹ̀ Ítálì tí ó kọ̀wé nípa rẹ̀ ní ọ̀rúndún kẹrìndínlógún.

Ọ̀nà yìí a máa wà ní pípadé. Bí a bá gbé itọ́ mì, tàbí bí a bá yán, àwọn iṣan ọ̀fun a ṣí i fún ìgbà díẹ̀. Afẹ́fẹ́ tuntun a wọlé, agbára afẹ́fẹ́ inú etí a sì bá ti òde dọ́gba. Ìdí nìyí tí ohùn kékeré fi lè dún nígbà tí a bá ń gbé nǹkan mì. Bí kò bá sí ìrora, tí etí kò di, tí a sì ń gbọ́ràn dáadáa, ohùn bẹ́ẹ̀ kì í ṣe àrùn.

Ṣùgbọ́n bí ọ̀fìnkìn bá mú ènìyàn, tàbí bí eruku ọyẹ́ àti èéfín bá ń yọ imú rẹ̀ lẹ́nu, ara inú ọ̀nà náà a wú, kẹ̀lẹ̀bẹ̀ a sì dí i. Ara a máa fa afẹ́fẹ́ inú yàrá etí mu díẹ̀díẹ̀, òmíràn kò sì rí ọ̀nà wọlé. Nígbà náà ni awọ etí yóò fà sínú, tí etí yóò sì wúwo, tí yóò máa dún bí ọ̀nà náà ti ń gbìyànjú láti ṣí.

Ti àwọn tí ń bu yanrìn tún le ju èyí lọ. Bí ènìyàn bá sọ̀kalẹ̀ tó mítà 10 nínú omi, agbára tí ń tẹ̀ ẹ́ ti di ìlọ́po méjì ti orí ilẹ̀. Ní mítà 2 tàbí 3 pàápàá, etí ti mọ̀ ọ́n. Ẹni tí ó bá mòòkùn nígbà tí ọ̀fìnkìn ń ṣe é lè fa awọ etí rẹ̀ ya. Kí ó jókòó sí òkè títí ara rẹ̀ yóò fi dá. Owó yanrìn ọjọ́ kan kò tó ra etí.

Ní ti àwọn atẹ̀wé, ẹ jẹ́ kí a ya ọ̀ràn méjì sọ́tọ̀. Òtítọ́ ni pé ariwo ẹ̀rọ àti ti jẹnẹrétọ̀ a máa ba etí jẹ́. Ṣùgbọ́n etí híhó ni ó sábà máa ń fà, èyí tí kì í dúró de ìgbà tí a bá gbé itọ́ mì, tí ó sì máa ń pọ̀ sí i létí ẹni lóru nígbà tí ilé bá dákẹ́. Bí ẹ bá ní láti pariwo kí ẹni tí ọwọ́ yín lè tó tó gbọ́ yín, ariwo ibẹ̀ ti pọ̀ jù; ẹ wá ohun tí a ṣe fún dídí etí. Èyí tí ó bá ń dún nígbà ìgbémì nìkan, imú àti ọ̀fun ni kí ẹ kọ́kọ́ wò.

Kí ni ṣíṣe? Púpọ̀ nínú rẹ̀ a máa lọ fúnra rẹ̀ láàárín ọjọ́ díẹ̀ sí ọ̀sẹ̀ 2. Kí ènìyàn máa mu omi díẹ̀díẹ̀, kí ó máa jẹ ṣingọ́ọ̀mù, kí ó sì máa yán. Ó lè pa ẹnu dé, kí ó fi ọwọ́ di imú, kí ó sì fẹ́ afẹ́fẹ́ jẹ́jẹ́. Kò gbọdọ̀ fi agbára ṣe é, kò sì gbọdọ̀ ṣe é bí etí bá ń ro ó. Omi oníyọ̀ tí a pèsè fún imú a máa ṣe ìrànwọ́. Oògùn tí a ń kán láti la imú kò gbọdọ̀ ju ọjọ́ 5 lọ, kí imú má baà tún dí ju ti àtẹ̀yìnwá lọ. Ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń ru kò sì gbọdọ̀ lò ó láìbi dókítà.

Ẹ má ṣe ki ìyẹ́ adìẹ, igi ìṣáná tàbí igi olówùú bọ etí. Ẹ má sì ṣe da àdín tàbí kẹrosíìnì sí i. Ẹ̀yìn awọ etí ni ìdènà náà wà. Ohun tí a bá kì láti òde kò lè dé ibẹ̀ àfi bí ó bá lu awọ náà já.

Àwọn ọmọdé ni kí a ṣọ́ jù. Ọ̀nà tiwọn kúrú, ó sì tẹ́ ju ti àgbà lọ, nítorí náà omi a máa gbára jọ lẹ́yìn awọ etí wọn, nígbà púpọ̀ láìsí ìrora. Ìyá yóò pe ọmọ, kò ní dáhùn. Olùkọ́ yóò bi í léèrè, kò ní gbọ́. A ó sì wí pé olóríkunkun ni, a ó nà án. Kí a tó mú pàṣán, ẹ jẹ́ kí a mú un lọ yẹ etí wò. Bí omi náà bá pẹ́ tó oṣù 3, àwọn oníṣègùn lè fi ihò kékeré kan sí awọ etí, kí wọ́n sì fi nǹkan há a kí afẹ́fẹ́ lè máa wọlé.

Àwọn àmì kan wà tí kò gbọdọ̀ dúró. Bí etí kan kò bá gbọ́ràn mọ́ lójijì, kí a lọ bá oníṣègùn lọ́jọ́ náà gan-an, nítorí pé ìgbà tí ó yá ni ìtọ́jú ń ṣiṣẹ́ jù. Bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú ni bí ọyún tàbí ẹ̀jẹ̀ bá ń jáde, bí òòyì bá ń kọ́ni, bí ojú bá wọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan, tàbí bí ariwo náà bá ń bá ìlùkìkì ọkàn rìn. Àgbàlagbà tí etí rẹ̀ kan ṣoṣo bá di ju ọ̀sẹ̀ 3 lọ, pàápàá bí kókó bá yọ sí i lọ́rùn tàbí bí ẹ̀jẹ̀ bá ń ti imú rẹ̀ wá, kí ó jẹ́ kí a wo ẹ̀yìn imú rẹ̀, nítorí jẹjẹrẹ a máa fara pamọ́ síbẹ̀. Ilé ìwòsàn ìjọba wà ní Gbágádà, nítòsí wa. Àwọn oníṣègùn etí, imú àti ọ̀fun sì wà ní LUTH, Ìdí-Àràbà.

Etí tí ó gbọ́ àlọ ni ó yẹ kí ó gbọ́ àbọ̀. Ẹ jẹ́ kí a tọ́jú rẹ̀, kí ó lè gbọ́ ọ.