Wáìnì Pupa ti Jámánì: Oúnjẹ Wo Ló Bá A Mu?

 Ẹ̀yin òǹtajà ọtí gan-an ni ọ̀rọ̀ yìí kàn jù. Bí ẹ bá kó páálí wáìnì wá sí Ìgbókòdá, tí oníbàárà tọ́ ọ wò níbi òkú ṣíṣe, tó ní ó korò, owó yín ti há nìyẹn. Bẹ́ẹ̀ ó lè má jẹ́ ẹ̀bi ọtí rárá, oúnjẹ tí wọ́n fi mu ún ló lè ba á jẹ́.

Àwọn ará Jámánì kì í ṣe àlejò ní etíkun wa. Ní oṣù kìíní ọdún 1885, ilé iṣẹ́ G. L. Gaiser ti Hamburg bá Amapetu ti Màhín ṣe àdéhùn. Ní oṣù kẹta, Gustav Nachtigal, aṣojú ìjọba wọn, wá fi ilẹ̀ náà sábẹ́ ààbò Jámánì, ṣùgbọ́n kí ọdún náà tó parí, wọ́n ti jọ̀wọ́ rẹ̀ fún Gẹ̀ẹ́sì. Jíìnì ni ọtí tí àwọn oníṣòwò Hamburg ń kó wá sí Áfíríkà nígbà yẹn. Jíìnì kì í béèrè oúnjẹ lọ́wọ́ ẹni. Wáìnì ń béèrè.

Oríṣi méjì ló wọ́pọ̀ jù nínú pupa wọn. Spätburgunder kò wúwo, ó sì ń ta sánsán bí èso. Dornfelder dúdú bí aró. Ọdún 1955 ni wọ́n ṣẹ̀dá èso àjàrà rẹ̀ ní Weinsberg. Ṣùgbọ́n kí ẹ tó wo orúkọ, ẹ wo ọ̀rọ̀ kékeré tó wà lára ìgò. “Trocken” ni èyí tí kò ládùn. “Halbtrocken” ládùn díẹ̀. “Lieblich” ló dùn. Ẹni tó bá fẹ́ ọtí dídùn, tí ẹ wá ta “trocken” fún, ẹjọ́ ló máa rò fún yín lọ́jọ́ kejì.

Ó wá kan oúnjẹ. Ata ni ọ̀tá àkọ́kọ́. Ọtí tí kò ládùn máa ń mú kí ata jó ẹnu sí i, nítorí náà, bí ọbẹ̀ ata bá ta dáadáa, “lieblich” ni kí ẹ gbé síwájú àlejò. Adùn rẹ̀ á pa iná ata. Ẹja tútù tí a sè lásán kò bá pupa tó wúwo mu, ẹnu á máa ṣe èèyàn bí ẹni lá irin. Àmọ́ ẹja yíyan tiwa! Èéfín ara rẹ̀ àti Spätburgunder bára mu gan-an, pàápàá bí ẹ bá fi pupuru jẹ ẹ́, torí pupuru náà ti gba èéfín tirẹ̀. Ẹran ewúrẹ́ sísun àti ẹlẹ́dẹ̀ yíyan ni kí ẹ fi ti “trocken” lẹ́yìn, ọ̀rá wọn á mú kí ọtí náà má fún ẹnu pọ̀ bíi kajú tí kò tíì pọ́n.

Ti ọbẹ̀ marúgbó ńkọ́? Kí ẹ má bínú sí mi, omi tútù ni kí ẹ fi jẹ ẹ́. Ewé yẹn kò gba ọtí kankan mọ́ra.

Ooru tún wà níbẹ̀. Ẹ má gbé páálí sí iwájú ọkọ̀ ojú omi nínú oòrùn. Ẹ fi nǹkan bò ó, kí ẹ sì tò ó síbi tó tutù ní ṣọ́ọ̀bù. Bí ó bá ku ìdajì wákàtí kí ẹ mu ún, ẹ ri ìgò náà sínú omi àmù. Awakọ̀ tó máa gbé àlejò padà kọjá omi lálẹ́ kò gbọdọ̀ fẹnu kàn án o. Ẹ wo nọ́ńbà NAFDAC lára ìgò kí ẹ tó sanwó, kí ẹ sì kọ́kọ́ ra ìgò kan ṣoṣo, kí ẹ fi ẹja yíyan tọ́ ọ wò nílé, kí ẹ tó ra odidi páálí.