Ṣé o mọ̀ pé gbájúẹ̀ lè mọ́ lójú kọ̀ǹpútà?

Ṣé o mọ̀ pé kọ̀ǹpútà náà gbà pé àgùntàn tó bá bá ajá rìn yóò jẹ ìgbẹ́? Lọ́dún 2017, Thomas Kipf àti Max Welling gbé irú graph neural network kan jáde, òkìkí rẹ̀ sì kàn. Inú àwọ̀n ló ń ṣiṣẹ́: kókó kọ̀ọ̀kan dúró fún ènìyàn tàbí ìwé, okùn sì ni ìbátan àárín wọn. Láti mọ irú ohun tí kókó kan jẹ́, ẹ̀rọ náà á po ìròyìn àwọn aládùúgbò rẹ̀ mọ́ tirẹ̀. Lórí Cora, àkójọ ìwé ìmọ̀ 2,708 tó ń tọ́ka sí ara wọn, ó ṣiṣẹ́ gan-an: bí okùn mẹ́jọ nínú mẹ́wàá ló so ìwé ẹ̀ka kan náà pọ̀.

Ṣùgbọ́n gbájúẹ̀ kì í sábà bá gbájúẹ̀ ṣòwò. Ọ̀dọ̀ olóòótọ́ ló ń lọ, ibẹ̀ ni owó wà. Bí ẹ̀rọ bá pò ó mọ́ àwọn tó yí i ká, ọ̀daràn di ọmọlúàbí nìyẹn!

Ṣé o mọ̀ pé ẹ̀rọ tí kò wo okùn rárá ti na ti Kipf rí? Lórí ojú ewé íntánẹ́ẹ̀tì 183 láti Yunifásítì Texas ni. Ojú ewé akẹ́kọ̀ọ́, ti olùkọ́ àti ti kọ́ọ̀sì ló ń so mọ́ra níbẹ̀, kì í ṣe irú kan náà. (Ẹ̀ka kan tilẹ̀ wà níbẹ̀ tó jẹ́ ojú ewé kan ṣoṣo. Èwo ni wọ́n fẹ́ fi kọ́ ẹ̀rọ, èwo ni wọ́n fẹ́ fi dán an wò?)

Lọ́dún 2020, Jiong Zhu àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní kí a ya ìròyìn kókó sọ́tọ̀ sí ti aládùúgbò, kí a sì tún wo aládùúgbò àwọn aládùúgbò. Ọgbọ́n wà níbẹ̀: gbájúẹ̀ méjì lè má mọra, kí wọ́n sì jọ máa jẹ owó ẹnì kan náà.

Ṣé o mọ̀ pé ìdánwò fúnra rẹ̀ ti jò? Lọ́dún 2023, Oleg Platonov àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tú Squirrel wò, àkójọ ojú ewé Wikipedia 5,201 tí gbogbo ayé fi ń díwọ̀n irú ẹ̀rọ yìí. Àdàwé kún inú rẹ̀! Ohun tí ẹ̀rọ ti rí nígbà ẹ̀kọ́ ló tún ń pàdé nínú ìdánwò. Nígbà tí wọ́n yọ àdàwé kúrò, 2,223 ló kù, máàkì àwọn ẹ̀rọ kan sì já wálẹ̀.

Wọ́n wá ṣe àkójọ tuntun márùn-ún. Ọ̀kan wá láti inú àpilẹ̀kọ Wikipedia lórí Ilẹ̀ Ọba Róòmù: ọ̀rọ̀ 22,662, ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ kókó, kí ẹ̀rọ sọ iṣẹ́ tó ń ṣe nínú gbólóhùn. Olùwà kì í sábà so mọ́ olùwà, ọ̀rọ̀-ìṣe ló ń dì mọ́. Lórí àwọn àkójọ wọ̀nyí, àwọn ẹ̀rọ àtijọ́ tí wọ́n kàn ya kókó sọ́tọ̀ sí aládùúgbò ló sábà borí àwọn tí wọ́n dìídì ṣe nítorí àwọ̀n tí aládùúgbò kì í ti jọra.