Bí Síso Ẹṣin Nínú Tírélà Ṣe Di Iṣẹ́ Ọgbọ́n

Ẹṣin tí ó tó gùn wọn nǹkan bíi kìlógíráàmù 500. Bí wọ́n bá kó irú ẹranko bẹ́ẹ̀ sínú tírélà kékeré tí mọ́tò ń fà, okùn kan ṣoṣo ni ó sábà máa ń so orí rẹ̀ mọ́ ògiri. Okùn náà kò gbọdọ̀ já nígbà tí ọkọ̀ bá yà tàbí tí awakọ̀ bá tẹ bíréèkì, kí ẹṣin má baà yí ẹ̀yìn padà tàbí kí ó máa bu ẹnìkejì rẹ̀ jẹ. Ṣùgbọ́n bí ẹ̀rù bá bà á tí ó sì yọ̀ ṣubú, okùn kan náà gbọ́dọ̀ tú kíákíá, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ó lè pa á. Ó ti ń sún mọ́ 200 ọdún báyìí tí àwọn tí ń gbé ẹṣin rìnrìn àjò ti ń wá bí iṣẹ́ méjèèjì yóò ṣe wà lára okùn kan.

Tẹ́lẹ̀ rí, ẹsẹ̀ ni ẹṣin fi ń rìn dé ibi tí wọ́n bá ń mú un lọ. Ẹṣin ìje ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lè rin ọ̀sẹ̀ méjì kí ó tó dé pápá, tí àwọn olùtọ́jú rẹ̀ á máa fà á lọ díẹ̀díẹ̀ kí ó má baà rẹ̀ ẹ́ jù. Ní 1836, ọ̀tọ̀kùlú kan tí ń jẹ́ Lord George Bentinck fẹ́ kí ẹṣin rẹ̀, Elis, sáré nínú ìdíje St Leger ní Doncaster. Goodwood, lápá gúúsù pátápátá, ni Elis wà. Nígbà tí ìdíje ku ọjọ́ díẹ̀, àwọn onítẹ́tẹ́ gbọ́ pé ẹṣin náà kò tíì kúrò nílé, wọ́n sì gbà pé kò lè dé mọ́. Wọn kò mọ̀ pé Bentinck ti mú kí Herring, tí ń kan kẹ̀kẹ́ ẹṣin ní London, kan ọkọ̀ ńlá kan fún un, tí wọ́n fi tìmùtìmù bo ògiri inú rẹ̀. Ẹṣin mẹ́fà ni ó fà á. Ọjọ́ mẹ́ta ni Elis fi dé Doncaster, ara rẹ̀ dá ṣáká, ó sì gba ipò kìn-ín-ní. Tìmùtìmù ara ògiri yẹn fi hàn pé ẹni tí ó kan ọkọ̀ náà mọ̀ pé ẹṣin yóò máa gbá síhìn-ín sọ́hùn-ún.

Kò pẹ́ sí ìgbà náà tí reluwé gba iṣẹ́ yìí. Àwọn ilé-iṣẹ́ reluwé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan ọkọ̀ àkànṣe fún ẹṣin, wọ́n sì yọ yàrá kékeré fún olùtọ́jú síbi tí orí ẹṣin kọjú sí. Ojú ihò kan wà láàárín wọn. Bí ẹṣin bá bẹ̀rẹ̀ sí í ta, ọkùnrin náà á nawọ́ gba ibẹ̀, á bá a sọ̀rọ̀, á dẹ okùn fún un. Nígbà tí ènìyàn wà nítòsí báyìí, irú okùn tàbí irú kókó tí wọ́n ta kò fi bẹ́ẹ̀ já mọ́ nǹkan. Ìgbà tí mọ́tò dé, tí tírélà tẹ̀lé e, ni ọ̀rọ̀ yí padà. Awakọ̀ wà níwájú, ẹṣin wà lẹ́yìn, kò sí ẹni tí ó ń bá ẹranko náà gbé. Okùn ni ó wá di olùtọ́jú.

Sísá ni ẹṣin mọ̀ nígbà tí ẹ̀rù bá bà á. Wọ́n máa ń fi okùn-orí, ìyẹn awọ tàbí náílọ́ọ̀nù tí ó yí imú àti ẹ̀yìn etí ká, di orí rẹ̀, ara rẹ̀ ni wọ́n sì ń so okùn mọ́. Bí ẹṣin bá fà sẹ́yìn tí okùn-orí sì di ẹ̀yìn etí rẹ̀ mú, ìnira yẹn gan-an ni yóò mú kí ó túbọ̀ fà, gbogbo ìwọ̀n ara rẹ̀ ni yóò sì fi fà á. Ní ìta gbangba, ó ní àyè láti bẹ́ sẹ́yìn. Nínú tírélà, pátákó ń yọ̀, àyè há, ìdí lè lọ sílẹ̀ kí orí ṣì so rọ̀ lókè. Lásìkò bẹ́ẹ̀, ohun kan gbọ́dọ̀ já: ó lè jẹ́ òrùka ògiri, ó lè jẹ́ okùn, ó lè jẹ́ okùn-orí, ó sì lè jẹ́ ọrùn. Iṣẹ́ ẹni tí ó so ẹṣin ni kí ó ti yan èyí tí yóò já kí ọkọ̀ tó gbéra.

Inú oko ni ìdáhùn ti wá, láìsí ẹni tí ó pète rẹ̀. Ní Amẹ́ríkà, ní nǹkan bíi 1878, John Appleby ṣe ẹ̀rọ kan tí ń fi okùn tẹ́ẹ́rẹ́ di ìtí ọkà, tí ó sì ń ta kókó rẹ̀ fúnra rẹ̀. Lẹ́yìn èyí ni Ed Nolt, ní ìpínlẹ̀ Pennsylvania, ṣe irú rẹ̀ tí ń ṣa koríko gbígbẹ nílẹ̀ tí ó ń dì í, ilé-iṣẹ́ New Holland sì bẹ̀rẹ̀ sí í tà á ní 1940. Bí okùn ìdì koríko ṣe kún ilé ẹṣin nìyẹn, nítorí ẹni tí ó bá tú koríko fún ẹṣin kì í sọ okùn rẹ̀ nù, yóò fi kọ́ ìṣó ni. Sísálì ni wọ́n fi ṣe é, kò sì lágbára púpọ̀. Àwọn olùtọ́jú ẹṣin mú un, wọ́n so ó ní bìrí kékeré mọ́ òrùka ògiri, wọ́n wá so okùn ẹṣin mọ́ bìrí náà dípò òrùka. Bí ẹṣin bá fà gidi, sísálì á já, ìnira ẹ̀yìn etí á dópin, ẹṣin náà á sì dúró.

Ibi tí ó ti yíwọ́ ni ìgbà tí okùn ọ̀rá rọ́pò sísálì. Okùn ọ̀rá kì í jẹrà, kì í sì í já bọ̀rọ̀. Náílọ́ọ̀nù olówó pọ́ọ́kú rọ́pò awọ lára okùn-orí bákan náà. Àwọn ènìyàn ń bá àṣà wọn lọ, wọ́n ń so bìrí mọ́ òrùka gẹ́gẹ́ bí àwọn tí ó kọ́ wọn níṣẹ́ ti ṣe, wọn kò sì fura pé kò sí ohun tí yóò já mọ́. Èyí léwu ju kí ènìyàn so ẹṣin mọ́ òrùka tààrà lọ, nítorí ẹni tí ó so ó mọ́ òrùka mọ̀ pé òun kò ní ààbò. Àwọn tí ojú wọn là máa ń tú okùn ọ̀rá sí fọ́nrán, wọ́n á lo díẹ̀ nínú rẹ̀. Àwọn mìíràn ń lo okùn-orí náílọ́ọ̀nù tí apá ẹ̀yìn etí rẹ̀ jẹ́ awọ. Àwọn ohun èlò kéékèèké tún ti wà lọ́jà tí ń ṣí fúnra wọn bí ìfà bá pọ̀ dé ìwọ̀n kan.

Kókó náà ní ọgbọ́n tirẹ̀. Wọ́n á ti okùn bọ inú bìrí, wọ́n á fi apá tí ó kọjá ṣe ojú òbìrí kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ èyí tí ó lọ sórí ẹṣin. Dípò kí wọ́n ti ìdí okùn gba ojú òbìrí náà kọjá tán, wọ́n á ṣẹ́ ẹ po, wọ́n á ti ìṣẹ́po rẹ̀ nìkan bọ̀ ọ́, wọ́n á sì fà á le. Ìdí okùn á wà níta. Ẹni tí ó bá fa ìdí yẹn lẹ́ẹ̀kan, gbogbo rẹ̀ á tú. Àwọn ẹṣin ọlọ́gbọ́n kan máa ń fi eyín fà á, ìdí nìyí tí àwọn kan fi ń ti ìdí okùn bọ inú ìṣẹ́po, ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá ṣe bẹ́ẹ̀ ti fi kún iṣẹ́ tí ọwọ́ yóò ṣe lásìkò wàhálà. Kókó yìí sì lè ki pọ̀ bí ẹṣin bá ti fi gbogbo ara rọ̀ mọ́ ọn. Ìkọ́ irin tí a lè fi ọwọ́ kan ṣí bí okùn tilẹ̀ le dan-in ń yanjú èyí, ẹ̀gbẹ́ ògiri ni ó sì dára kí ìkọ́ náà wà, kí ọwọ́ ènìyàn má baà sún mọ́ orí tí ń jà. Okùn rọ́bà tí ń nà ní tirẹ̀ kò yẹ nínú tírélà: bí ó bá já, irin ẹnu rẹ̀ á fò padà sójú ẹṣin tàbí sójú ènìyàn.

Gígùn okùn náà ti yí padà, àwọn onímọ̀ ìtọ́jú ẹranko ni ó sì fa èyí. Ẹṣin máa ń tẹ orí sílẹ̀ kí kẹ̀lẹ̀bẹ̀ àti eruku lè ṣàn jáde kúrò ní ọ̀nà èémí rẹ̀. Ní 1990, Racklyeft àti Love fi ìwádìí tí wọ́n ṣe ní Ọsirélíà hàn pé bí orí bá wà lókè fún wákàtí 24, kòkòrò àrùn máa ń pọ̀ nísàlẹ̀ ọ̀nà èémí. Ní 1995, Raidal àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ rí i pé kò tilẹ̀ tó bẹ́ẹ̀. Láàárín wákàtí 6 sí 12 ni ó ti bẹ̀rẹ̀. Ibẹ̀ ni àìsàn ẹ̀dọ̀fóró tí ń tẹ̀lé ìrìn àjò jíjìn ti ń wá. Ní 2002, Stull àti Rodiek ní Kalifóníà fi ẹṣin tí wọ́n so orí wọn lápá ọ̀tún àti òsì wé èyí tí wọn kò so, fún ìrìn wákàtí 24. Àmì ìnira inú ẹ̀jẹ̀ pọ̀ jù lára àwọn tí wọ́n so. Orí àti ọrùn ni ẹṣin tún fi ń gbé ara rẹ̀ dúró nígbà tí ilẹ̀ bá ń mì. Nítorí náà, àṣà tí ó fìdí múlẹ̀ ni pé kí òrùka ga tó òkè èjìká ẹṣin, kí okùn sì gùn tó kí orí lè lọ sílẹ̀ dé ọ̀gangan àyà, láìgùn débi tí ẹsẹ̀ yóò fi kọjá lórí rẹ̀. Bí ìrìn bá jìn, wọ́n á dúró lójú ọ̀nà, wọ́n á tú orí ẹṣin sílẹ̀ kí ó jẹun nílẹ̀.

Ètò ìṣe ni ó ń gba ẹ̀mí là jù, òun náà sì ni àwọn ènìyàn ń gbàgbé. Bí ẹṣin bá wọlé tán, ọ̀pá ìdábùú tí ń dí ìdí rẹ̀ ni wọ́n kọ́kọ́ ń tì kí wọ́n tó so orí. Bí wọ́n bá dé, orí ni wọ́n kọ́kọ́ ń tú kí wọ́n tó ṣí ọ̀pá. Ẹni tí ó bá ṣe é lódì yóò rí ẹṣin tí ó fi ẹ̀yìn rìn jáde nígbà tí orí rẹ̀ ṣì so mọ́ ògiri.

Òfin Àjọṣepọ̀ Yúróòpù tí nọ́ńbà rẹ̀ jẹ́ 1/2005, tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2007, sọ pé okùn tí a fi so ẹran nínú ọkọ̀ gbọ́dọ̀ lágbára tí kò fi ní já nínú ìrìn tí kò ní wàhálà, kò gbọdọ̀ lè fún ẹran lọ́rùn, ó sì gbọ́dọ̀ ṣeé tú kíákíá. Òfin náà kò fẹ́ okùn tí ń já fúnra rẹ̀ lásán, bẹ́ẹ̀ ni kò fẹ́ èyí tí kò ṣeé tú.

Ní Nàìjíríà, ọkọ̀ akẹ́rù ni ó sábà ń gbé ẹṣin láti àríwá wá sí ìdíje pólò ní Èkó, níbi tí ẹgbẹ́ pólò ti wà láti 1904. Ìrìn bẹ́ẹ̀ gùn ju wákàtí 12 lọ, nítorí náà ọ̀rọ̀ orí tí ó yẹ kí ó lọ sílẹ̀ kàn wọ́n gidi. Kí ẹni tí ó bá fẹ́ gbé ẹṣin lọ sójú ọ̀nà fi ọwọ́ kan fa ìdí okùn wò kí ọkọ̀ tó gbéra. Bí kò bá tú lẹ́ẹ̀kan, kí ó tún un so.