Atẹ́gùn, Ìgbì àti Ẹnu Ọ̀sà Èkó

Ẹnu kan ṣoṣo ni ọ̀sà Èkó ní tó ń ṣí sí òkun yípo ọdún. Commodore Channel ni àwọn atukọ̀ ń pè é, ó wà láàárín Tarkwa Bay àti Victoria Island. Ibẹ̀ ni ọkọ̀ ńlá tó ń lọ sí Àpápá ń gbà, ibẹ̀ náà ni odò Ògùn àti ọ̀pọ̀ odò kéékèèké ń gbà wọ òkun. Omi òjò inú gọ́tà àdúgbò Onígbòǹgbò kò ní ọ̀nà mìíràn: yóò bọ́ sínú Odò Ìyá Aláró láàárín Maryland àti Òjòta, yóò gba Ògùdù wọ ọ̀sà, lẹ́yìn náà yóò wá ọ̀nà ẹnu òkun lọ.

Ẹ̀ẹ̀mejì ni òkun ń kún tó sì ń fà láàárín ọjọ́ kan, òṣùpá àti oòrùn ló sì ń fà á bẹ́ẹ̀. Ní Èkó, ìyàtọ̀ kíkún àti fífà rẹ̀ jẹ́ nǹkan bíi mítà kan. Bí òkun bá ga ju ọ̀sà, omi á wọlé. Bí ọ̀sà bá ga jù ú, omi á jáde. Ohunkóhun tó bá gbé ojú òkun sókè díẹ̀, tàbí tó bá rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀, ló ń dá sí ìrìn omi yìí, atẹ́gùn sì wà lára wọn.

Láti gúúsù-ìwọ̀-oòrùn, lójú òkun, ni atẹ́gùn Èkó ti máa ń fẹ́ jù, àfi ìgbà ọyẹ́ tí ti Sàhárà bá dé. Atẹ́gùn máa ń wọ́ omi òkè lọ, bí ojú ẹ̀kọ gbígbóná ṣe ń sún lọ sí etí kejì abọ́ tí ènìyàn bá ń fẹ́ ẹ. Bí ilẹ̀ bá dí i lọ́nà, omi á gbá jọ síbẹ̀, á sì ga. Ní oṣù kẹfà, tí òjò ń rọ̀ kíkankíkan, ọ̀rọ̀ yìí ń dé ẹnu ọ̀nà onílé. Òkun kún, atẹ́gùn tún ń tì í bọ̀, ọ̀sà kò rí omi rẹ̀ tú sílẹ̀ wéréwéré. Odò Ìyá Aláró á wú, àwọn ilé tó wà létí rẹ̀ ní Mende á sì wà nínú ewu. Òótọ́ ni pé ìdọ̀tí ń dí gọ́tà, àmọ́ gọ́tà tí wọ́n kó mọ́ féfé pàápàá ní láti dúró kí òkun fà.

Omi iyọ̀ wúwo ju omi òjò lọ. Nítorí náà, omi odò lè máa jáde lókè kí omi òkun máa yọ́ wọlé nísàlẹ̀. Irú rẹ̀ wà lọ́nà omi Gibraltar, láàárín Sípéènì àti Mòrókò: omi Atlantic ń wọlé lókè, omi Mẹditaréníà tó níyọ̀ jù ú ń jáde nísàlẹ̀. Ní Èkó, ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni iyọ̀ ń wọ inú ọ̀sà jìnnà jù. Òjò ló ń lé e padà.

Atẹ́gùn tí kò fẹ́ dé Èkó rárá náà ń dá sí i. Nígbà tí atẹ́gùn bá le sí i ní apá Brazil, nítòsí ìlà agbedeméjì ayé, ipa rẹ̀ á gba inú òkun padà wá sí Áfíríkà gẹ́gẹ́ bí ìgbì gígùn tí ojú kò lè rí, torí sẹ̀ǹtímítà díẹ̀ ló fi ń yí ojú òkun padà. Tó bá kan ilẹ̀, apá kan rẹ̀ á yà sí àríwá, á tẹ̀lé etíkun kọjá Kamẹrúùnù, Èkó àti Kútọnu títí dé Ghana. Yíyí tí ayé ń yí ni kò jẹ́ kó fi etí ilẹ̀ sílẹ̀. Bó ti ń kọjá, ojú òkun á relẹ̀ díẹ̀, omi tútù ìsàlẹ̀ á súnmọ́ òkè. Ó wà lára ohun tó ń mú òkun tutù láti oṣù keje sí ìkẹsàn-án, ìgbà tí àwọn apẹja Ghana ń rí ẹja kó jù.

Ìgbì tí gbogbo ènìyàn ń rí ní iṣẹ́ tirẹ̀. Ìjì ọ̀nà jíjìn ní gúúsù Atlantic ló ń bí púpọ̀ nínú wọn. Wọn kì í kọlu etíkun Èkó lóòró. Ẹ̀gbẹ́ ni wọ́n fi ń gbá a, wọ́n sì ń ti omi àti iyanrìn lọ sí ìlà-oòrùn. Ní ọdún kan, iyanrìn tó ń kọjá bẹ́ẹ̀ lè tó ìdajì mílíọ̀nù mítà kúbíìkì sí mílíọ̀nù kan. Iyanrìn yìí ló dí ẹnu ọ̀sà nígbà kan, tí ọkọ̀ ńlá fi ń dúró sójú òkun, tí wọ́n ń fi apẹ̀rẹ̀ sọ èrò kalẹ̀ sínú ọkọ̀ kékeré.

Láti 1908 ni ìjọba amúnisìn ti ń kó òkúta sínú òkun láti fi mọ ògiri sí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì ẹnu omi náà. Ọ̀nà ọkọ̀ là, àmọ́ iyanrìn há. Ó kó jọ sí apá ìwọ̀-oòrùn, ó sọ Lighthouse Beach di fífẹ̀. Ní apá kejì, ìgbì ń kó iyanrìn Bar Beach lọ láìsí èyí tí yóò rọ́pò rẹ̀. Kí 1960 tó dé, òkun ti jẹ ilẹ̀ ibẹ̀ wọlé ju kìlómítà kan lọ. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, ìjọba ń fi ẹ̀rọ da iyanrìn padà léraléra, òkun sì ń kó o lọ. Ní oṣù kẹjọ 2012, ìgbì ya wọ Kuramo Beach, ó gbé ilé, ó sì pa ènìyàn. Ní báyìí, ògiri òkúta ìlú tuntun Eko Atlantic ló ń dáàbò bo Victoria Island níbẹ̀. Ìgbì kò dẹ́kun títi omi lọ sí ìlà-oòrùn, àwọn ará Òkun Alfa tó wà níwájú sì ń rí i bí òkun ṣe ń jẹ etíkun tiwọn.