Báwo lẹ ṣe lè po erùpẹ̀ igi bonsai ní Libreville láì ra ti ilẹ̀ Jàpáànù?

Igi bonsai tí a ti fi ọdún mẹ́wàá tọ́jú lè kú láàárín òjò oṣù kan péré, bí erùpẹ̀ inú ìkòkò rẹ̀ kò bá jẹ́ kí omi jò dànù. Ní Libreville, olú ìlú Gàbọ̀n, ewu náà kì í ṣe kékeré. Òjò tó ń rọ̀ níbẹ̀ lọ́dún fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 3,000 mìlímítà, ìyẹn nǹkan bí ìlọ́po méjì èyí tó ń rọ̀ ní Ìbàdàn.

Erùpẹ̀ tí àwọn ará Jàpáànù ń lò, tí wọ́n ń pè ní akadama, ni ọ̀pọ̀ ìwé ìtọ́ni máa ń dárúkọ. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ ojú omi ni yóò gbé e la òkun kọjá kó tó dé èbúté Owendo, owó ọkọ̀ rẹ̀ sì lè ju owó igi fúnra rẹ̀ lọ.

Àmọ́, igi kò mọ orúkọ tí wọ́n kọ sára àpò. Iṣẹ́ tí erùpẹ̀ náà ń ṣe ló ṣe pàtàkì sí i, àwọn ohun tó lè ṣe iṣẹ́ kan náà kò sì jìnnà sí ẹni tó ń gbé ní Libreville, ní Kútọnu tàbí ní Èkó.

Kí ni bonsai gan-an?

Bonsai kì í ṣe orúkọ irúfẹ́ igi kan. Igi tó yẹ kó ga fíofío ni, tí a gbìn sínú àwo pẹrẹsẹ, tí a sì ń gé ẹ̀ka àti gbòǹgbò rẹ̀ kí ó lè kéré, kí ó sì jọ àgbà igi. Ilẹ̀ Ṣáínà ni ọgbọ́n náà ti bẹ̀rẹ̀ ní ohun tó lé ní 1,000 ọdún sẹ́yìn, kí àwọn ará Jàpáànù tó sọ ọ́ di tiwọn. Ọ̀dán àti àwọn ẹbí rẹ̀, àjàgbọn àti bougainvillea wà lára àwọn igi tó máa ń ṣe dáadáa nílẹ̀ olóoru.

Kí ló dé tí erùpẹ̀ oko kò fi dára fún un?

Ẹ mú fóòmù ìfọbọ́ tó rin gbingbin, kí ẹ gbé e ní ìdùbúlẹ̀ títí omi rẹ̀ kò fi ní kán mọ́. Lẹ́yìn náà, ẹ gbé e dúró lóòró. Ẹ óò rí i pé omi mìíràn yóò tún jáde. Bẹ́ẹ̀ ni erùpẹ̀ inú ìkòkò ṣe rí. Omi máa ń dúró sí ìsàlẹ̀ rẹ̀, bí ìkòkò bá sì ṣe pẹrẹsẹ tó, bẹ́ẹ̀ ni apá tó rin nínú rẹ̀ ṣe máa pọ̀ tó.

Gbòǹgbò nílò afẹ́fẹ́ gẹ́gẹ́ bó ṣe nílò omi. Bí omi bá gba gbogbo àlàfo inú erùpẹ̀, gbòǹgbò yóò bẹ̀rẹ̀ sí í rà. Ewé á pọ́n, á sì máa rọ. Ẹni tó ni ín á rò pé òùngbẹ ló ń gbẹ ẹ́, á sì tún bu omi sí i.

Ìdí nìyí tí àwọn tó mọ iṣẹ́ náà fi ń lo ohun oníwóró, tí wóró rẹ̀ tó nǹkan bí mìlímítà 3 sí 6. Kí ó má kéré ju ọkà bàbà lọ, kí ó má sì tóbi ju àgbàdo kékeré lọ. Àlàfo àárín àwọn wóró náà ni afẹ́fẹ́ ń gbà.

Kí la lè fi rọ́pò akadama?

Àpáàdì àti bíríkì sísun ló ṣáájú. Amọ̀ tó ti ara eérú òkè ayọnáyèéfín wá ni akadama, ó sì ní ihò wínníwínní tó ń fa omi mu. Amọ̀ tí iná ti jó dáadáa náà ní irú ihò bẹ́ẹ̀, kì í sì í padà di ẹrẹ̀. Ẹ̀rí rẹ̀ wà ní Ilé-Ifẹ̀, níbi tí ìtàn ti sọ pé Lúwo, obìnrin tó jẹ Ọọ̀ni, ni ó ní kí wọ́n fi àpáàdì tẹ́ ìgboro. Ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún ni òjò ti ń pa àwọn àpáàdì náà, wọ́n ṣì wà níbẹ̀ títí di òní.

Ẹ fọ́ bíríkì tàbí ìkòkò amọ̀ tó ti sán, kí ẹ fi ajọ̀ kù ú, kí ẹ sì da lẹ́búlẹ́bú rẹ̀ nù. Ẹ rẹ díẹ̀ sínú omi fún ọ̀sẹ̀ kan. Bí ó bá di ẹrẹ̀ nígbà tí ẹ fi ìka tẹ̀ ẹ́, iná kò jó o tó. Ẹ má lo búlọ́ọ̀kù sìmẹ́ńtì, nítorí èròjà inú rẹ̀ kì í jẹ́ kí igi rí áyọ́ọ̀nù fà mu, ewé rẹ̀ á sì máa pọ́n.

Libreville tún ní àǹfààní kan tí àwọn ìlú olótùútù kò ní. Níbẹ̀ lọ́hùn-ún, yìnyín máa ń fọ́ wóró amọ̀ sí wẹ́wẹ́. Omi kì í dì ní Libreville, nítorí náà wóró amọ̀ máa ń pẹ́ kó tó bàjẹ́.

Òkúta wẹ́wẹ́ ni ìkejì. Kì í fa omi mu, ṣùgbọ́n ó ń jẹ́ kí afẹ́fẹ́ wọlé. Yanrìn odò tó nípọn, tí a ti kù, tí a sì ti fọ̀, náà wúlò. Ẹ yẹra fún yanrìn etí òkun: iyọ̀ wà nínú rẹ̀, wíwà á sì ń jẹ́ kí òkun máa jẹ ilẹ̀ wọlé.

Ìkẹta ni òkúta oníhò láti àwọn òkè ayọnáyèéfín ilẹ̀ Kamẹrúùnù, tí àwọn elédè Faransé ń pè ní pouzzolane. Wọ́n ń lò ó fún sìmẹ́ńtì àti ọ̀nà títì níbẹ̀. Ẹni tó bá mọ oníṣòwò tó ń gba Bitam wọlé lè bẹ̀ ẹ́ kó bá òun gbé àpò kan bọ̀.

Ìkẹrin ni èédú àti èèpo igi. Láti 2010 tí Gàbọ̀n ti fòfin de kíkó ìtì igi tí a kò tíì là lọ sókè òkun, iṣẹ́ ìlagi ti pọ̀ sí i ní Nkok, nítòsí Libreville. Èèpo igi tó ti jẹrà dáadáa máa ń di omi àti ajílẹ̀ mú. Ẹ má lo lẹ́búlẹ́bú pákó tútù, nítorí bó ṣe ń jẹrà lọ́wọ́ ni yóò máa bá igi du oúnjẹ.

Báwo ni ẹ ṣe máa pò ó?

Fún ọ̀dán ní àkókò òjò, ẹ lè bẹ̀rẹ̀ báyìí: agolo bíríkì tàbí àpáàdì márùn-ún, òkúta wẹ́wẹ́ mẹ́ta, èèpo igi jíjẹrà kan, àti èédú fífọ̀ kan. Ẹ bu omi sí i nínú ìkòkò. Bí omi bá dúró lójú rẹ̀ ju ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ lọ, lẹ́búlẹ́bú ti pọ̀ jù. Bí ẹ̀ẹ̀rùn oṣù kẹfà sí oṣù kẹsàn-án bá ń mú kí ó tètè gbẹ, ẹ fi èèpo igi díẹ̀ kún un nígbà mìíràn tí ẹ bá ń pò ó.

Oúnjẹ kò pọ̀ nínú irú àpòpọ̀ yìí, òjò sì máa ń fọ ajílẹ̀ dànù. Díẹ̀díẹ̀, lóòrèkóòrè, ni kí ẹ máa fún igi ní ajílẹ̀.

Kì í ṣe àìrówóná nìkan ló ń mú kí àwọn ènìyàn wá àrọ́pò. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àwọn olùtọ́jú bonsai kan ń lo wóró amọ̀ tí wọ́n ń tà fún ìgbẹ́ ológbò. Ní Amẹ́ríkà, wọ́n ń lo amọ̀ sísun tí wọ́n ń dà sórí pápá ìṣeré baseball.

Kí lẹ gbọ́dọ̀ ṣọ́ra fún?

Eruku bíríkì àti òkúta léwu fún ẹ̀dọ̀fóró. Ẹ wọ́n omi sí i kí ẹ tó fọ́ ọ, kí ẹ sì fi nǹkan bo imú. Ẹ má jẹ́ kí omi dúró nínú abọ́ tó wà lábẹ́ ìkòkò, nítorí ibẹ̀ ni ẹ̀fọn ń yé ẹyin sí.

Ju gbogbo rẹ̀ lọ, ẹ kọ́kọ́ fi ọ̀dán kékeré tí kò wọ́nwó dán an wò. Bí ó bá la àkókò òjò kan já pẹ̀lú ewé tútù àti gbòǹgbò funfun, ẹ lè wá gbé èyí tó ti dàgbà lọ́wọ́ yín sínú rẹ̀.