SpoIIIE: Alábàárù DNA Inú Bakitéríà

Tí ẹ bá se ìrẹsì lálẹ́, tí ẹ fi sílẹ̀ lórí tábìlì mọ́jú, ẹ lè rò pé tí ẹ bá ti gbé e kaná láàárọ̀, ó parí. Kò parí o! Bakitéríà kan tó ń jẹ́ Bacillus cereus lè ti wà nínú ìrẹsì náà kí ẹ tó sè é, ní ìrísí spore, ìyẹn bí irúgbìn líle tí omi híhó kì í sábà pa. Bí ìrẹsì bá ń tutù, spore á hù, bakitéríà á máa pọ̀ sí i, á sì máa ṣe májèlé. Èyí tó ń mú èèyàn bì nínú májèlé yẹn, kíkaná ò lè bà á jẹ́.

Báwo ni spore ṣe ń wáyé? Ara ìbátan rẹ̀, Bacillus subtilis, ni wọ́n ti yẹ̀ ẹ́ wò jù. Ẹ̀yin náà ń jẹ iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀: òun ló ń ṣiṣẹ́ jù nígbà tí wọ́n bá bo irú mọ́lẹ̀.

Tí oúnjẹ bá wọ́n, B. subtilis á mọ ògiri sínú ara rẹ̀. Kì í mọ ọ́n sáàárín, ẹ̀gbẹ́ kan ló ń mọ ọ́n sí. Yàrá kékeré ló máa di spore, yàrá ńlá ni ìyá. Wàhálà ibẹ̀ ni pé ògiri yẹn ń há DNA mọ́. Nǹkan bíi ìdá kan nínú mẹ́ta péré ló ti wọlé. Ìyókù ṣì wà lọ́dọ̀ ìyá. DNA ọ̀hún ní lẹ́tà tó lé ní mílíọ̀nù 4, ó sì gùn ju sẹ́ẹ̀lì fúnra rẹ̀ lọ ní ọgọ́rọ̀ọ̀rún ìgbà.

Ibi tó wù mí jù rè é. Purotéènì kan, SpoIIIE, wà nínú awọ fẹ́lẹ́ ara ògiri náà. Ẹyọ mẹ́fà rẹ̀ á para pọ̀ bí òrùka, á gbá DNA mú, á máa fi agbára ATP fà á wọlé. Àwọn àmì kéékèèké wà lára DNA tó ń júwe ọ̀nà fún un, kó má baà fa ẹrù padà síta. Láàárín bíi ìṣẹ́jú 15 sí 20, gbogbo ẹrù ti wọlé. Ní 1994, Ling Juan Wu àti Jeff Errington fi hàn pé tí SpoIIIE ò bá ṣiṣẹ́, DNA ò ní wọlé tán. Spore ò sì ní dúró.

Lẹ́yìn náà, ìyá á gbé ọmọ mì, á wọ̀ ọ́ láṣọ líle léraléra, á sì kú kí ọmọ lè yè.

Nítorí náà, tí ẹ bá jẹun tán, ẹ tètè gbé ìrẹsì tó kù sínú fìríìjì. Ẹ má jẹ́ kí spore ráyè hù.